Ọkọ̀ Tí Wolé-wolé Pè Ní Pàǹtí

Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, láàárọ̀ Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, ọjọ́ tí gbogbo Èkó máa ń jókòó sílé gbálẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí ọkọ̀ rìn ní títì. Mo mọ aago náà dájú, nítorí rédíò bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìròyìn tán, màámi sì ti ń pariwo pé ta ló gbé páákà tí òun fi ń kólẹ̀. Obìnrin wolé-wolé kan wọ àgbàlá wa ní Ìgàndò. Ó wo gọ́tà, ó wo ẹ̀yìnkùlé, ó ní kò burú, títí ó fi dé abẹ́ igi máńgòrò. Ó fi ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ gún tapólì tó bo ohun tó wà níbẹ̀. Eku ńlá kan jáde, ó wo gbogbo wa lójú bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, ó sì rọra ń rìn lọ sílé kejì. Kò tilẹ̀ sáré.

"Kí lẹ kó pa mọ́ síbí?" ni obìnrin náà bi bàbá mi.

Bàbá mi na àyà. "Ọkọ̀ ni, mà. Ọkọ̀ eré-ìje ni. Ojúlówó."

Obìnrin náà gbé etí tapólì sókè, ó yọjú wo abẹ́ rẹ̀, ó sì dá a padà jẹ́jẹ́ bí ẹni tó rí òkú. "Ọ̀gá, pàǹtí ni. Ẹ kó o."

Mo wà ní kíláàsì karùn-ún nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lára mi, torí ọ̀rọ̀ kì í yé èmi fúnra mi àfi tí mo bá ti ṣàlàyé bó ṣe dùn mí sí. Ojú tì mí, àmọ́ kì í ṣe ìtìjú ẹni tó ṣe ohun tí kò dáa. Ó jọ ìgbà tí bàbá ẹni bá ń jó níwájú ìjọ, tí kò mọ̀ pé orin ti tán, tí gbogbo ènìyàn ti jókòó. Ẹni náà ò ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Ijó rẹ̀ náà dára. Síbẹ̀, ìwọ ọmọ rẹ̀ á fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Bàbá mi kàn ń wo wolé-wolé bó ṣe ń lọ, ó wá fọwọ́ pa tapólì náà lórí bí ìgbà tí wọ́n bá ń tu ọmọ nínú.

Màmá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ni ilé. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà, kò sì gbójú sókè nígbà tó sọ̀rọ̀. "Ṣẹ́gun, ṣé o gbọ́ ohun tí ìjọba wí?"

"Mo gbọ́, mà."

"Ìkórè ìjọ wa ń bọ̀. Bí nǹkan yìí ò bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde ní géètì yẹn kí ọjọ́ ìkórè tó pé, oníkóńdẹ́ẹ̀mù ló máa wọ́ ọ jáde. Mo ti sọ tèmi." Àwọn oníkóńdẹ́ẹ̀mù ni àwọn tó máa ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò, tí wọ́n ń lu irin mọ́ irin, tí wọ́n ń ra ìkòkò tó jò àti fáànù tó ti kú. Ohun tí wọ́n bá rà, ó di yíyọ́ nìyẹn. Màámi ló fọhùn láti ilé ìdáná: "Ẹ̀yin ọkùnrin ilé yìí, ẹ ti gbọ́ o." Bàbá mi nìkan ni ọkùnrin tó wà nílé.

Bàbá Àgbà ló ni ọkọ̀ náà. Wọ́n ní ọwọ́ òyìnbó ẹnjiníà kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló ti rà á. Ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbà ju ọmọdé tàbí ẹrù lọ, ó sì sún mọ́lẹ̀ débi pé Màmá Àgbà máa ń pè é ní ọ̀nì tó ń yáàrùn. Pupa ni, pupa bí ata rodo. Bàbá Àgbà ti kú kí wọ́n tó bí mi, láti ìgbà náà ni ọkọ̀ sì ti wà lábẹ́ igi máńgòrò. Ọdọọdún ni bàbá mi máa ń ní òun máa tún un ṣe. "Oṣù tó ń bọ̀" ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Oṣù tó ń bọ̀ yìí pẹ́ débi pé èmi rò pé orúkọ oṣù kan ni, bíi Òkúdù tàbí Ọ̀pẹ.

Ìjọ aláṣọ funfun ni Màmá Àgbà ń lọ, níbi tí ẹni tó bá wọ sùtánà kì í ti í wọ bàtà, tí wọn kì í sì í jẹ́ kí aṣọ pupa tàbí dúdú sún mọ́ wọn. Tó bá ti wọ sùtánà láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, á fara ro ògiri kọjá lára ọkọ̀ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tapólì bò ó. Màámi á máa rẹ́rìn-ín lójú fèrèsé. "Màmá, orogún yín ò ní bù yín jẹ o."

"Ìwọ ni kó o ṣọ́ra," ni Màmá Àgbà á dáhùn. "Ọkọ tìẹ ló ń wò ó tìfẹ́tìfẹ́."

Lọ́jọ́ tí wolé-wolé lọ, bàbá mi ka tapólì kúrò, ó ya fọ́tò ọkọ̀ náà, ó sì gbé e sí ojú ìwé kan lórí ayélujára níbi tí àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ máa ń péjọ sí. Ohun tó kọ sí abẹ́ rẹ̀ kò ju báyìí lọ: "Ẹ gbà mí o, ìyá mi fẹ́ tà á fún oníkóńdẹ́ẹ̀mù." Ní Sátidé kejì, àwọn mẹ́ta kan tí wọn ò mọ ara wọn rí wá kan géètì wa. Ọ̀gá Tíṣà wá láti àdúgbò Command, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, áńkáṣífù funfun sì wà léjìká rẹ̀ bíi pé ó fẹ́ dárí orin. Alhaji wá láti Dópẹ́mù, ó ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ tó ti ń lu ara ọkọ̀ tó tẹ̀ kó lè tọ́. Àǹtí Bọ́lá ti Ẹ̀gbẹ́dá sì wá, ó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì. Síkẹ́ẹ̀tì ló wọ̀, àmọ́ ṣòkòtò iṣẹ́ tó kún fún epo wà nínú báàgì rẹ̀.

Ọ̀gá Tíṣà kọ́kọ́ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, ó dijú.

"Ọ̀gá," ni Alhaji wí, "ṣé ẹ̀ ń gbàdúrà fún un ni àbí ẹ̀ ń kí i?"

"Mo ń gbọ́ ohun tó ń wí."

"Ó ní kí ni?"

"Ó ní kí ẹ má fi òòlù yẹn sún mọ́ òun."

Àǹtí Bọ́lá rẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó sílẹ̀. Àtìgbà náà ni Sátidé ilé wa ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, ohun tí a máa ń gbọ́ kò ju jẹnẹrétọ̀ ilé kejì, ẹ̀rọ ìlọta tó wà lójúde, àti màámi tó ń pe orúkọ mi. Ní báyìí, a ń gbọ́ ìwé yanrìn tó ń họ ara irin, hìrì hìrì, láti àárọ̀, a ń gbọ́ òòlù Alhaji, a sì ń gbọ́ Ọ̀gá Tíṣà tó ń kígbe "Jẹ́jẹ́! Jẹ́jẹ́!" bíi pé orí òun ni wọ́n ń lù. Bó bá di ọ̀sán gangan, Màmá Àgbà á lu agogo àdúrà rẹ̀ nínú yàrá, gbogbo iṣẹ́ á sì dúró. Kò pẹ́ sí i, ládàáni á pe Alhaji. Ọ̀gá Tíṣà, tí ìsìn ìjọ Áńgílíkà tirẹ̀ di ọ̀la, kì í mọ ibi tó yẹ kó fi ara sí lásìkò náà. Ó máa ń dúró ti abọ́ dòdò, kí àwọn yòókù tó dé, dòdò á ti tán.

Ẹ̀wà àti dòdò ni màámi máa ń sè fún wọn, tàbí ẹ̀bà pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá. Ó máa ń ráhùn pé ilé òun ti di búkà, àmọ́ bí ẹnì kan nínú wọn bá pẹ́ dé, òun ló máa kọ́kọ́ bèèrè. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa fọ àwọn bóòtù nínú epo, kí n sì tò wọ́n sórí pépà bí wọ́n ṣe tú wọn. Mo máa ń ṣe é pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Mo rò pé bí bóòtù kan bá sọnù lọ́wọ́ mi, ọkọ̀ náà máa já sí méjì lójú ọ̀nà pẹ̀lú bàbá mi nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Èmi ni mo rò ó, mo gbà á gbọ́, mo sì ń bá a sùn. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé bí mo ṣe máa ń ṣe sí ohun gbogbo tí mo bá fẹ́ràn nìyẹn: màá kọ́kọ́ fojú inú wo bó ṣe máa bàjẹ́.

Àríyànjiyàn wọn ló dùn jù. Ọ̀gá Tíṣà fẹ́ kí gbogbo nǹkan rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n kó o jáde. Alhaji fẹ́ kó ṣá ti rìn. "Bí wọ́n ṣe bí i ni kó rí!" ni Ọ̀gá Tíṣà á wí.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin gan-an ò rí bí wọ́n ṣe bí yín mọ́."

Nígbà tó tó àkókò láti kun ọkọ̀ náà, bàbá mi rò pé òun máa fi ọgbọ́n tu ìyá òun lójú. Ó lọ bá a lórí àpótí rẹ̀. "Màámi, ṣé kí a kùn ún ní funfun?" Ọ̀gá Tíṣà di orí mú lókèèrè. Màmá Àgbà wo bàbá mi láti òkè dé ilẹ̀. "Ta ló ní kí ẹ kùn ún ní funfun? Ṣé wọ́n sọ fún ọ pé ọkọ̀ máa ń wọ sùtánà ni?" Ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀. Kò sí èyí tó yé wa nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí kì í fẹ́ kó kan aṣọ òun ló ń gbèjà àwọ̀ rẹ̀ yìí! Àmọ́ inú Ọ̀gá Tíṣà dùn débi pé ó dọ̀bálẹ̀ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí ọjọ́ orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Pupa náà ni wọ́n kùn ún.

Ó kù díẹ̀ kí ìkórè dé nígbà tí bàbá mi ṣáná sí ọkọ̀ náà, tó sì jẹ́. Ó kọ́kọ́ wúkọ́, ó tu èéfín dúdú sí Alhaji lójú, lẹ́yìn náà ló bú ramúramù. Ewé máńgòrò ń já sílẹ̀. Àwọn ará ilé kejì yọrí lórí fẹ́ǹsì. Àǹtí Bọ́lá gbé mi sókè, bàbá mi ń sunkún, ó ń purọ́ pé èéfín ni. Èmi náà sunkún. Ìdùnnú ni, àmọ́ ẹ̀rù wà nínú rẹ̀, torí ohun tó bá ti yè, ó tún lè kú nìyẹn. Ìgbà tó jẹ́ pàǹtí, kò sí ohun tó lè ṣe é mọ́. Màmá Àgbà nìkan ni kò jáde. Ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ wà ní títì.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, bàbá mi tún ṣáná sí i. Ó kọ̀. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan bí àgbàlagbà tí kò fẹ́ kí wọ́n yọ òun lẹ́nu, ó sì dákẹ́. Wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì, wọ́n nù ún, wọ́n dá a padà. Ó kọ̀. Àǹtí Bọ́lá gbé bàtìrì ọkọ̀ tirẹ̀ wá. Ó kọ̀. Ọ̀gá Tíṣà ní òòlù Alhaji ló ti dẹ́rù bà á. Alhaji ní ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Tíṣà ló ti sú u. Wọ́n tú kabúrétọ̀, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i, wọ́n tò ó padà, ó tún kọ̀. Wọ́n ń padà wá láàárín ọ̀sẹ̀ bí wọ́n bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀fẹ̀ sì ti dín kù lẹ́nu wọn. Ìkórè ku ọ̀sẹ̀ kan. Oníkóńdẹ́ẹ̀mù kan tó ń kọjá rí géètì tó ṣí sílẹ̀, ó wọlé, ó fi ìka kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kó-kó-kó. "Irin gidi lèyí," ló wí.

Màámi gbé ìgbálẹ̀. "Jáde! Wọ́n ní kò tíì kú!"

Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó gbé orí lé e. Mo jókòó tì í. Ó ní, "Tọ́pẹ́, ohùn ọkọ̀ yìí nìkan ni mo rántí nípa bàbá mi dáadáa. Ojú rẹ̀ ti ń sá lọ mọ́ mi lọ́wọ́." Tó bá jẹ́ òní ni, màá sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀, kò sì ní wúlò ju ìdákẹ́jẹ́ mi ọjọ́ náà lọ.

Alhaji ló wá ní kí wọ́n fa epo inú táǹkì jáde, kí wọ́n fi òmíràn dípò rẹ̀. Ó fi rọ́bà fà á sínú kẹ́ẹ̀gì funfun kan tó mọ́ gaara. Àǹtí Bọ́lá ń fimú fínfín. "Alhaji, ṣé ẹ fín lọ́fíńdà wá síbi iṣẹ́ ni?"

"Lọ́fíńdà kẹ̀? Kí n wá lọ rojọ́ fún ìyàwó mi nílé?"

"Òórùn rẹ̀ ló gba gbogbo ibí yìí."

Ọ̀gá Tíṣà gbé kẹ́ẹ̀gì náà sókè sí oòrùn. Bẹntiróò wà lókè, pupa rẹ́súrẹ́sú. Omi wà nísàlẹ̀, ó dá dúró láyè ara rẹ̀. Bàbá mi dìde. "Ta ló da omi sínú táǹkì mi?" Èmi ti gbọ́ òórùn náà, mo sì mọ̀ ọ́n. Òórùn ọjọ́ Ìsinmi ni, òórùn ọwọ́ tí wọ́n bá gbé lé mi lórí kí n tó lọ ṣèdánwò. "Òórùn Màmá Àgbà ni," ni mo wí.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ lọ pè é. Bàbá mi ń wo Ọ̀gá Tíṣà, Ọ̀gá Tíṣà ń wo Alhaji, Alhaji ní òun kì í ṣe ọmọ ìjọ. Àmọ́ Màmá Àgbà ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé, òun fúnra rẹ̀ ló jáde wá.

"Omi àdúrà tí a fi lọ́fíńdà sí ni," ló wí. "Èmi ni mo dà á sí i lẹ́nu."

"Màámi, inú táǹkì epo nìyẹn!"

"Ṣé kì í ṣe ibẹ̀ lẹ ti ń fún un ní nǹkan mu ni? Àbí ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí n dà á sí?"

Alhaji yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èjìká rẹ̀ ń mì. Bàbá mi ò tíì rẹ́rìn-ín. "Màámi, ẹ̀yin lẹ ní ẹ máa tà á. Kí ló dé tí ẹ tún ń gbàdúrà fún un?"

Màmá Àgbà jókòó sórí àpótí tí mo fà wá fún un. Ó ní nígbà tí ọkọ̀ náà bú lọ́jọ́ tó jẹ́, òun wà ní yàrá, orúnkún òun sì kan ilẹ̀ kí òun tó mọ̀. Ó ní ohùn yẹn ni òun máa ń gbọ́ láti oríta tí bàbá wọn bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, tí òun á fi tètè gbé omi ẹ̀bà kaná. Bó bá fi máa wọ géètì, omi á ti hó. "Mo ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kó dákẹ́ mọ́. Ìdí nìyẹn."

"Ẹ wá ní oníkóńdẹ́ẹ̀mù ló máa wọ́ ọ lọ?"

"Tí mi ò bá wí bẹ́ẹ̀, ṣé o máa tún un ṣe? Ìwọ, Ṣẹ́gun? Oṣù tó ń bọ̀ ńkọ́?"

Màámi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín nílé ìdáná, lẹ́yìn náà ni gbogbo àgbàlá. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti di igi máńgòrò mú. Ọ̀gá Tíṣà, tó jẹ́ olóòótọ́ sí ọkọ̀ ju ènìyàn lọ, bèèrè lọ́wọ́ Màmá Àgbà bóyá ó da òróró ìyàsímímọ́ náà sí ibì kankan. Ó ní rárá, òróró ti tán nílé.

Wọ́n fọ táǹkì, wọ́n sá a sóòrùn, wọ́n da epo tuntun sí i. Ó jẹ́. Ní ọjọ́ ìkórè, bàbá mi wẹ̀, ó wọ sùtánà rẹ̀, ó rántí pé ọkọ̀ pupa ni òun fẹ́ wà, ó bọ́ ọ, ó wọ bùbá. Màmá Àgbà jáde wá pẹ̀lú ìró òfì àti bàtà lẹ́sẹ̀, sùtánà rẹ̀ wà nínú ọ̀rá. "Pupa ò gbọdọ̀ wọ ilé Ọlọ́run," ló wí, "àmọ́ kò sẹ́ni tó ní kó má gba títì." Wọ́n fi agbára ènìyàn mẹ́ta gbé e wọnú ọkọ̀, torí ìjókòó náà jìn bíi kòtò, ó sì ń bú wọn bí wọ́n ṣe ń gbé e. Èmi wà lẹ́yìn láàárín iṣu àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí a fẹ́ fi ṣe ìdúpẹ́, ewé ọ̀pẹ̀ òyìnbó ń gún mi létí. Ọkọ̀ náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde ní géètì. Àwọn ọlọ́kadà tọ̀ wá lẹ́yìn débi Ìkòtún, wọ́n ń fun fèrè. Màmá Àgbà ò wo ẹnikẹ́ni. Ó dijú, ó ń gbọ́. Nígbà tó ku díẹ̀ ká dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó wọ sùtánà lé ìró rẹ̀, ó sì rìn wọlé bí ẹni tí kò mọ ọlọ́kọ̀ kankan rí.

Ìdí tí mo fi ń kọ gbogbo èyí nìyí. Orúnkún bàbá mi kò lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì tí a fi ń pààrọ̀ jíà mọ́. Lọ́jọ́ tí mo parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, ó gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà sórí ìrọ̀rí mi. Ọkọ̀ tó ń yí jíà fúnra rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ ọ́n wà, ìyẹn náà pẹ̀lú òógùn. Mo máa ń lọ jókòó nínú rẹ̀, kí n di sitíàrìn mú, kí n sì máa ro gbogbo ọ̀nà tí mo lè gbà bà á jẹ́. Ọ̀gá Tíṣà ti dàgbà, àmọ́ ó ń pè mí láti Command pé n kò gbọdọ̀ fi ọkọ̀ náà kọ́ṣẹ́, pé tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bá jó, a ò ní rí irú rẹ̀ mọ́. Alhaji ní kílọ́ọ̀ṣì tí kò bá lè jó, iṣẹ́ ni kò ṣe. Àǹtí Bọ́lá ní òun máa kọ́ mi ní pápá ilé ẹ̀kọ́ kan lẹ́bàá ilé òun, kí n ṣá gbé e dé ibẹ̀. Bí mo ṣe máa gbé e dé ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro mi.

Màmá Àgbà ò lè rìn jìnnà mọ́. Ní Sátidé, á ní kí wọ́n gbé òun sí iwájú ọkọ̀, á máa wo géètì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ ná. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. "Tọ́pẹ́ mi, kí ọkàn tìẹ tó balẹ̀, tèmi á ti fò lọ." Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó wí i. Èmi ò lè sùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ó dá mi lójú pé ẹnì kan nínú yín ti jogún ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á rí. Kí lẹ ṣe? Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ fi ọkọ̀ ẹlòmíràn kọ́ ọ títí ẹ̀rù á fi kúrò lára mi, àbí kí n gbé e jáde báyìí, tèmi tẹ̀rù, kí ìyá arúgbó náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Sátidé ti kù sí dẹ̀dẹ̀, Màmá Àgbà sì ti ní kí wọ́n bá òun lọ aṣọ òde.